Ìdérí Tí Àlàájì Jó Mọ́ Ẹ̀rọ

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Ìpàtà lọ sí Post Office, àwọn jórinjórin méjì ló jókòó tì mí, àgbàlagbà kan tí èkejì ń pè ní Àlàájì, àti èkejì náà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ wà ládùúgbò kan.

Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ tí mo ṣe tó ń pa ẹ̀pà, kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́. Ti Ṣáínà làwọn àgbẹ̀ ń rà."

"Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, Àlàájì? Ẹ jó ìdérí ẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà rí inú ẹ̀."

"Ẹ̀ bá ti ṣe irú ẹ̀ tà!"

"À bá ṣe é, à bá sì ṣe é kó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lóko, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n gbé e yí ká. Ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Orí tèmi ni ọgbọ́n ẹ̀ ti jáde."

"Wallahi, tiyín ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín náà ló ti ń dípẹtà."

Èkejì wojú títì, ó tún ní:

"Ti Ṣáínà ni mò ń tún ṣe jẹun báyìí. Bóòtù mẹ́rin péré ni wọ́n fi de ìdérí ẹ̀. Ẹni tó bá ṣáà ti ní sípánà, á tú u."