Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sí Dókítà Lẹ́nu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Bàbá mi ò mọ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n fẹ́ tẹ àròkọ mi jáde nínú ìwé yunifásítì wa, bàbá mi sì ti ń fi yangàn káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì láìtíì kà á. Bí wọ́n bá ti kí mi kú oríire báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Clinton ni à ń gbé, ní Maryland níbí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi dé, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi dá ṣáká lẹ́nu mi. Bí àgbàlagbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa bá fẹ́ lọ rí dókítà, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá ṣe ògbufọ̀. Wọ́n á ní, "Ọmọ dáadáa, Ọlọ́run á bá wa wò ọ́." Wọ́n fọkàn tán mi.

Filọ́sọ́fì ni mò ń kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bàbá mi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní sáà yẹn, kíláàsì tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn òyìnbó àtijọ́ kan tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ibi tí ìmọ̀ ti ń wá. Àwọn kan ní ìmọ̀ kan ti wà nínú wa kí wọ́n tó bí wa, àròjinlẹ̀ ló ń fà á yọ. Àwọn kejì ní irọ́ ni, orí ọmọ tuntun ṣófo, ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ọwọ́ kàn ló ń kún un. Ìbéèrè kan wá wà tí wọ́n ń bi ara wọn: afọ́jú tó ti fi ọwọ́ mọ bọ́ọ̀lù àti àpótí láti kékeré, bí ojú rẹ̀ bá là lónìí, ṣé wíwò lásán á jẹ́ kó mọ èwo ni èwo?

Mo nawọ́ sókè. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nílé wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Ìyá Ọ̀yọ́ là ń pè wọ́n. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì láti kékeré, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Bàbá mi ló mú wọn wá sí Amẹ́ríkà kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ìyá Ọ̀yọ́ yìí ló pọn bàbá mi dàgbà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bójú ọmọ tí wọ́n pọ̀n ṣe rí. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Àbẹ̀kẹ́, ojú Àkànní ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Tí mo bá ti rí i, ó parí." Àkànní ni oríkì bàbá mi.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi lọ́jọ́ yẹn. Orí mi wú. Mo ní màá dán wọn wò, màá sì fi kọ àròkọ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kìlọ̀ fún mi o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní èèyàn ni, kí n gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá fúnra wọn, kí n gbà á lọ́wọ́ dókítà náà. Mo ń mi orí bí alángbá. Mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣí báńdéèjì. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, fẹ́ gba àyè kí wọ́n lè wà níbẹ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, aago méjì ni." Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ariwo ayọ̀ ni wọ́n á máa pa, ìdánwò mi á sì bàjẹ́. Mo fi ọsàn kan àti páálí tíì kékeré kan sínú báàgì mi.

Dókítà ṣí báńdéèjì, ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ojú náà á gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran, pé bí wọn ò bá dá nǹkan mọ̀ lónìí, kí wọ́n má fòyà. Ẹ jọ̀ọ́, ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà: mi ò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Dókítà jáde lọ mú oògùn ojú. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Màámi, dókítà ní òun fẹ́ dán yín wò."

Mo gbé ọsàn àti páálí síwájú wọn. Mo ní dókítà ní kí wọ́n sọ èwo ni ọsàn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n na ọwọ́, mo ti ọwọ́ náà sẹ́yìn. Wọ́n wá kọjú sí ibi tí wọ́n rò pé dókítà dúró sí. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án díẹ̀. Mo mọ ọsàn, sà."

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àga ni wọ́n ń bẹ̀. Èmi, ọmọ tí wọ́n ń bó ọsàn fún nílé, èmi ni mo dáhùn pé, "Màámi, dókítà ní rárá."

Wọ́n nàka sí páálí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ mi, inú mi dùn!

Nígbà tí bàbá mi fi sáré dé, mo ní wọ́n tètè pè wá ni. Ìyá Ọ̀yọ́ ti wọ jígí dúdú, wọ́n sì di ojú pinpin. Bàbá mi ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi, Àkànní rèé o! Ẹ wò mí!" Wọn ò là á. Wọ́n ní, "Àkànní, má bínú, wọ́n dán mi wò, mo kùnà." Bàbá mi bi mí pé ìdánwò wo nìyẹn. Mo ní, "Ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú, Dádì."

Ìyá ní àwọn ò ṣe ojú kejì mọ́, kí àwọn má lọ dójú tì wá lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Bàbá mi bínú gidigidi. "Ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ wo ojú mi! Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n lò sí i, wọn ò bọ́ jígí yẹn. Wọ́n padà sí Ọ̀yọ́ láì rí ojú àbúrò wọn, láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn méjèèjì ń gbà kí ara wọn. Àròkọ mi ló gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì.

Ní báyìí, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ìyá gbà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè wọ́n kí n lè jẹ́wọ́. Bí a ṣe kí ara wa tán báyìí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, dókítà yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bínú sí mi? Bá mi sọ fún un pé mo ti ń fi ojú kan yìí kọ́ṣẹ́. Mo ti mọ ewúrẹ́, mo ti mọ ìgbálẹ̀, mo mọ kọ́ọ̀bù. Bó bá tún dán mi wò, màá yege."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo tún ní, "Màámi, dókítà ní òun ò bínú."

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ìyá ni àbí bàbá mi? Ẹnu wo ni mo sì fẹ́ fi sọ fún ìyá pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà, àfi èmi?