Káàdì Àyà Ìyá Hàbíbà

Bísímílàhí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ, ẹ̀yin bàbá tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri mọ́sáláṣí, Ọlọ́run Ọba kó fi àlàáfíà bò yín. Òdodo ni wáàsí wa lónìí. Kì í ṣe òdodo ilé ẹjọ́ o, èyí tí à ń kọ nípa ara wa ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Sàbítíyù fún yín.

Ìwó ló ń gbé, abọ́ ike ló ń tà. Hàbíbà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ka Kùránì parí, ayẹyẹ wòlímọ̀ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Inú Sàbítíyù dùn débi pé ó ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Àwọn àfáà ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan lẹ káàdì orúkọ mọ́ àyà, kí àlejò lè mọ ẹni tó bí ọmọ. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù lọ, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya káàdì.

Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ Ádámọ̀! Kàmọ́rù tẹ orúkọ rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́, ó sọ lẹ́tà rẹ̀ di kọdọrọ bí ọnà ara ìlẹ̀kùn, ó da àwọ̀ wúrà sí i, ó wá fi ewé àti òdòdó yí i ká. Gbogbo rẹ̀ ń tàn yanran. Díẹ̀ ló kù kí Sàbítíyù fọwọ́ pa á lára lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó kù. Àlàájà ni gbogbo wọn. Tí wọ́n bá pe tiwọn tán, tí wọ́n wá pe tirẹ̀ lásán, ojú ta ni yóò tì? Ojú Hàbíbà ni.

Ó ní kí Kàmọ́rù fi Àlàájà síwájú orúkọ òun. Kàmọ́rù gbọ́wọ́ kúrò, ó béèrè ọdún wo ni Màmá lọ sí Mẹ́kà tí òun ò gbọ́.

"Àníyàn mi ti débẹ̀, Kàmọ́rù. Èmi nìkan ló kù."

"Màmá, wọn kì í fún àníyàn ní físà o."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi ọmọ bẹ̀ ẹ́, Kàmọ́rù bá tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré, ẹ̀yin ará!

Ọjọ́ pé. Àwọn àlejò ń kí Sàbítíyù tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n fún un láyè níwájú láàárín àwọn Àlàájà. Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà ṣàdúà fún ọmọ? Àfáà àlejò ka káàdì àyà rẹ̀, ó ní kó dìde.

"Àlàájà, nígbà tí ẹ lọ sí Mẹ́kà, tí ẹ dúró ní Àráfà, kí lẹ tọrọ fún ọmọ yìí?"

Hàbíbà yíjú padà lórí àga. Kùránì wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀. "Màámi, ẹ̀yin náà ti lọ?"

Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ̀ bá wí? Irọ́ náà ti dé etí ètè rẹ̀. Kó ṣáà sọ pé ẹ̀mí gígùn ni òun tọrọ, ta ni yóò jà á níyàn? Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti múra láti gba ohunkóhun tó bá sọ gbọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè pa irọ́ náà.

"N kò lọ rí, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ojú á tì ẹ́ nítorí mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Sàbítíyù wálẹ̀. Hàbíbà sọ̀ kalẹ̀, ó tú káàdì náà lára ìyá rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ lọ sórí àga tirẹ̀, ó fi í jókòó. Òun wá dúró tì í, ó sì ké apá Kùránì tí wọ́n yàn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ẹni tó rẹ́rìn-ín náà ló kọ́kọ́ ké "Àláàhù Àkíbà".

Ẹ̀yin ará, irú káàdì wo ló wà lára tiwa? Ọlá kékeré kan ni Sàbítíyù ń wá, díẹ̀ ló sì kù kó fi ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀ san án. Ọlọ́run, Ìwọ tí O mọ̀ wá kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ wa, fi wá mọ̀nà òdodo. Ẹni tí Mẹ́kà ń wù, mú ẹsẹ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ọmọ tó gbà wá gbọ́, má jẹ́ ká já a kulẹ̀. Àmín.