Aṣọ Yín Ni Mo Fọ̀, Ẹ̀yin Lẹ Gba Máàkì

Jókòó! Má kí mi kú iṣẹ́, iṣẹ́ wo? Ṣé o ò tíì gbọ́ pé ọ̀lẹ ni mí ni? Ó wà nínú ìwé! Ọkùnrin oníwọ̀n yẹn, tó gbé aago kọ́rùn láti fi wọn iṣẹ́ wa, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ ọsibítù wa fọ́jọ́ márùn-ún gbáko, òun ló kọ ọ́. Ó ní ilé ìfọṣọ tiyín lóhùn-ún lòun fi ṣe òṣùwọ̀n: ọgọ́ta aṣọ ibùsùn ní wákàtí kan. Tiwa ńkọ́? Mẹ́tàdínlógún! Mẹ́tàdínlógún, àbúrò mi, bíi pé à ń sùn sórí omi ọṣẹ.

Ó wá ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n máa bọ̀ lábẹ́ ìwọ àbúrò mi, kí n wá kọ́ṣẹ́. Èmi! Lábẹ́ ẹ! Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rẹṣọ, èmi tí mo fọ ìlédìí ẹ nígbà tó ò tíì léyín kan lẹ́nu! Ṣé kí n máa kúnlẹ̀ kí ẹ láràárọ̀ ni? Ó ń dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó ń dùn mí dénú egungun.

Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín!

Jẹ́ n bi ẹ́. Aṣọ tẹ́jẹ̀ bá gbẹ mọ́, tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ò lọ, ibo lẹ ń kó o wá? Hẹn-ẹn, ọ̀dọ̀ mi ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo díẹ̀ yìí." Díẹ̀! Àpò mẹ́rin lọ́sẹ̀! Èmi á rẹ ẹ́ sómi tútù, màá fọwọ́ gbo ó, màá ṣan án, màá tún un rẹ, torí pé ẹ̀gbọ́n ni mí, ojú ń tì mí láti dá ẹ padà.

Oníwọ̀n ò sì wo ọwọ́ ta ló fọ̀ ọ́ o! Àwọ̀ okùn etí aṣọ ló ń wò. Pupa, tiwa ni. Búlúù, ó ti di tiyín. Mo lọ bá a, omi ń kán nígùnpá mi, mo ní ọ̀gá, búlúù yìí, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ó ní kò síbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú ìwé òun. Ẹ gbà mí! Kò síbi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí!

Kí lo wí? O mọ̀? O mọ̀, o sì dákẹ́, o gba ìwé ẹ̀yẹ, o gbé e kọ́ ògiri, ìyá wa wá ń ṣàdúrà fún ẹ lórí fóònù létí mi níbí! Ojú ẹ mà le o.

Ó dáa. Wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àpò mẹ́rin tọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn, mi ò fọwọ́ kàn án. Gbé e. Ṣebí lọ́la ni oníwọ̀n ń kó àwọn ọ̀gá bọ̀ wá wòran yín? Kó gbé aago ẹ̀ dání, kó wò yín dáadáa.

Ẹn? Kí n ṣe kí ni? Kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ kílẹ̀ tó mọ́? Háà! Ha-ha-ha! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí! Ó dáa, ká apá aṣọ ẹ sókè, màá kọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n fóònù ẹ dà? Kọ́kọ́ pe oníwọ̀n níṣojú mi, sọ fún un pé ọ̀gá tó fẹ́ fi jẹ lé mi lórí ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Tí kò bá síbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí, kó yí bébà ẹ̀ padà, kó kọ ọ́ sẹ́yìn!