Ẹgbẹ́ Họ́kì Tí Kò Wá sí Houston

Nígbà tí irun mi ṣì dúdú, tí orúnkún ò tíì máa dùn mí, èmi àti Túnjí la jọ ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn eré ńlá kan níbí. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi di yìnyín la ń tọ́jú. Orí yìnyín yẹn làwọn òyìnbó ti ń gbá họ́kì. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, nínú ooru Houston yìí o...

Nígbà yẹn, iṣẹ́ epo ti dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ń dá èèyàn dúró ní La Porte tó wà nítòsí wa níbí, ẹ̀rù sì ń ba àwa náà. Bísí, ìyàwó Túnjí, nọ́ọ̀sì ni. Ó ríṣẹ́ sí Atlanta, ó kó àwọn ọmọ lọ. Túnjí náà ti ríṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó lọ bá wọn.

Àfi bá a ṣe gbọ́ pé ẹgbẹ́ họ́kì ńlá kan fẹ́ kúrò nílùú wọn. Houston ń fà wọ́n, àwọn ìlú mìíràn náà ń fà wọ́n. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ tún yìnyín yẹn ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá wá, iṣẹ́ yín ò ní bọ́."

Ta ló ní kí Túnjí dúró? Èmi ni. Mo ní, "Àbúrò, ní sùúrù. Bísí á kó àwọn ọmọ padà."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Kí ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ó kọ iṣẹ́ Atlanta.

Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà wá lóòótọ́. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa yìnyín wa, ó yìn wá, ó bọ̀ wá lọ́wọ́. Túnjí pe Bísí lójú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta... oṣù mẹ́fà... A wá gbọ́ pé ìlú wọn ti gbà láti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun fún wọn. Wọn ò lọ síbì kankan mọ́. Houston ni wọ́n kàn fi dẹ́rù ba àwọn ará ìlú wọn kí wọ́n lè kọ́ ọ. Ọ̀gá wa sì ti fura látọjọ́ tí wọ́n wá! Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó dá wa dúró, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Túnjí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Atlanta. Bísí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "O ti yan ibi tó o fẹ́ wà." Ilé ẹjọ́ ló tú wọn ká.

Lónìí, ẹ̀ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ eléré, ẹ̀ ń sunkún tí wọ́n bá fìdí rẹmi. Ṣé wọ́n mọ̀ yín? Ẹ má fi ilé yín dúró de olówó.

Mo pe Túnjí lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan." Ó béèrè àlàáfíà ìyá yín àgbà, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pè mí mọ́. Orí Facebook ni mo ti rí i pé ó ti padà sílé, pé ó ti kú ní Ìbàdàn.

Kò bú mi rí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi.