Ọkọ̀ Oníṣéènì àti Ẹsẹ̀ Màmá Mi

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í dúró de ọjọ́ Sunday kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ṣeun. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọpẹ́ ni mo wá dá lóòótọ́, àmọ́ inú mi ò dùn, n ò sì ní purọ́ níwájú pẹpẹ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bródà Sámúẹ́lì tó ń tún katapílà ṣe ní Ring Road. Ẹ sì mọ ọkọ̀ tí mo rà, torí ó ku díẹ̀ kí gbogbo Agbowó tú jáde wá wò ó. Abà màmá mi wà lẹ́yìn Mọ́níyà, odò kan ló wà láàárín abà náà àti títì. Bí òjò bá ti dé, odò yẹn á kún, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ á di àbàtà, mọ́tò kankan ò ní lè kọjá. Mo bẹ màmá títí kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní àwọn ò lè fi pákí àwọn sílẹ̀ wá jókòó sínú yàrá ní Agbowó. Mo ní ó dáa, èmi ni màá wá ọkọ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Sweden ló bá mi rí i. Ọkọ̀ sójà àtijọ́ ni, ó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, inú ilé ẹran àgbẹ̀ kan ló wà lọ́hùn-ún. Kò ní táyà, ṣéènì rọ́bà ló fi ń rìn. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, wọ́n wá so méjèèjì pọ̀ láàárín bí ìbàdí èèrà. Torí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe é, ó sì lè wẹ odò. Fọ́tò lásán ni mo rí, ọkàn mi ti lọ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tólú, ọkọ̀ tí ẹ ò rí, tí ẹ ò gùn rí?" Mo ní kó má fi ẹnu àìgbàgbọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ dé wáàfù, ló bá há síbẹ̀. Oṣù kan, oṣù méjì, ó di oṣù mẹ́rin. Lónìí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á ní ìwé ò pé, lọ́la wọ́n á ní àwọn ò mọ ohun tí àwọn máa pè é, ṣé tírákítọ̀ ni àbí ohun ìjà. Ìgbà yẹn ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níbí, gbogbo yín sì ṣe àmín: bí ọkọ̀ yìí bá jáde, kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan àfi tó bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n da òróró sí i. Ó jáde. Ọjọ́ Wednesday ni tírélà gbé e dé. Mo so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn níwájú, mo rọ epo kún táǹkì, mo ń retí Sunday.

Ọjọ́ Thursday, Ìyá Ṣadé tó ń ra pákí lọ́wọ́ màmá wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà. "Bródà, àdá yọ̀ lọ́wọ́ màmá, ó ṣá wọn lẹ́sẹ̀, ó di ọjọ́ kẹrin lónìí. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ti ń rùn. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá o!"

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo wo ọkọ̀, mo wo ríbọ́ọ̀nù, mo lọ bá Pásítọ̀ wa ní Bódìjà. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ́ lẹ jẹ́ o. Ṣé kò le jù fún màmá?" Mo ní wọ́n kàn fara pa díẹ̀ ni. Díẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo Pásítọ̀, èmi ni mo sọ pé díẹ̀ ni. Wọ́n ní Sunday ò kúkú jìnnà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn. Òótọ́ korò, ẹ jẹ́ n sọ ọ́: kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ló dá mi dúró. Mo fẹ́ kí ẹ rí mi ni. Mo fẹ́ wa nǹkan yẹn wọ ọgbà yìí, kí àwọn tó ń pè mí ní mẹkáníìkì elépo dìde dúró. Mo fún Ìyá Ṣadé ní kápúsù, mo ní kó sọ fún màmá pé tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, màá dé.

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn, ẹ jó yí ọkọ̀ náà ká. Pásítọ̀ ti ṣí ìgò òróró. Ìyàwó mi fà mí láṣọ, ó ní kí n wo ẹnu géètì. Bàbá Ráfíù ló dúró síbẹ̀. Oko wọn ló pààlà pẹ̀lú ti màmá. Mùsùlùmí ni wọ́n, èmi yìí ni mo sì kìlọ̀ fún màmá pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ sàárà tí wọ́n bá gbé wá. Bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún! Láàárọ̀ Saturday, wọ́n pọn màmá mi la odò yẹn kọjá, wọ́n wọkọ̀ gbé wọn dé ọsìbítù ní Jericho. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Sámúẹ́lì, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Màmá ẹ wà láàyè, alihamudulilai."

Dókítà ní ká ní a tètè gbé wọn wá lọ́jọ́ Thursday ni, bóyá ẹsẹ̀ náà ì bá ṣì wà. Ká ní ó di Sunday, òkú wọn là bá gbé. Mo dé ibùsùn wọn pẹ̀lú kóòtù tuntun lọ́rùn. Màmá lajú, wọ́n wò mí, wọ́n wo kóòtù. Wọ́n ní, "Sámú, ṣé wọ́n ti gbàdúrà sí i tán?"

Háà! Kò sí ẹni tó tíì bú mi báyẹn rí láyé mi.

Ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa o. Ẹ̀yìn odò ló máa ń gbé màmá lọ báyìí, òróró ò kàn án títí dòní. Bàbá Ráfíù máa ń bá wa lọ. Tí wọ́n bá gbé sàárà dání, èmi náà máa ń jẹ níbẹ̀.

Ọlọ́run ló yọ màmá mi lọ́wọ́ ikú, kò sì lo ọkọ̀ mi. Ẹ yìn ín fún mi. Màmá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin àgbà ìjọ mọ bí obìnrin yẹn ṣe máa ń jó tẹ́lẹ̀. Ó yá, ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ jó o dénú. Ẹ jẹ́ kí èmi lọ jókòó tì wọ́n.