Eérú Iná Tí Èmi Kò Dá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ máa ń wá jókòó tì mí pé kí n kọ́ yín bí a ṣe ń lo àkókò, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti jókòó sí mi láyà láti ìgbà ọlọ́mọge mi, kò san owó ilé, kò sì kó jáde. Òní ni mò ń lé e síta. Ikú ò tíì kan ilẹ̀kùn mi o, àmọ́ mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ládùúgbò, mi ò sì fẹ́ kó bá ayálégbé yẹn lọ́dọ̀ mi. Ẹ má fajú ro. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni mò ń rẹ́rìn-ín, torí pé ohun tó ń dẹ́rù bà mí látọjọ́ yìí, ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni ara mi fúyẹ́ bí aṣọ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ìwé mi ò pọ̀. Ibi tí lẹ́tà mi bá ti wọ́, ẹ bá mi tò ó nínú orí yín.

Ajídáná ni gbogbo yín ń pè mí. Ẹ máa ń sọ pé bí Ajídáná bá ṣì ń sùn, a jẹ́ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ìyá yín sì ti sọ mí di pàṣán tó fi ń nà yín, á ní ìyá òun ò sùn kọjá àkókò rí láyé wọn. Èmi náà á jókòó síbẹ̀, màá máa mi orí. Alángbá tó já látorí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun ó yin ara òun. Ó kéré tán, alángbá gun igi. Èmi ò gun nǹkan kan. Orí àpótí ìjókòó ni mo ti já, mo wá ń gba ìyìn ìrókò.

Ohun tó tú àṣírí náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń bá wa bójú tó ilé búrẹ́dì. Ọmọ yẹn fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Á ti ìka kan bọ inú ìyẹ̀fun tí a pò, á sọ fún ọ bóyá ó ti wú tó tàbí kò tíì wú. Oorun ni ìṣòro rẹ̀. Ló bá pinnu lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ di ẹ̀dá tuntun. Ó ní òun á máa jí ní ìdájí, òun á máa rìn yí àdúgbò ká, òun á máa kàwé, òun á máa mu omi púpọ̀, òun ò sì ní fọwọ́ kan fóònù títí ọ̀sán, ó sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó lọ sópin, orí tábìlì ló ti sùn lọ, ìyẹ̀fun kún ojú rẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣeré orí ìtàgé. Èyí tó pò sínú ọpọ́n wú, ó wú, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó sì wó. Nígbà tí mo wọlé, ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń sunkún.

Ó ní, “Ìyá àgbà, mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mi ò lè dà bíi yín láéláé. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀lẹ ló wà lára mi.” Mo la ẹnu láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹ̀rín ló jáde, lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí. Ọmọ yìí fẹ́ pa iṣẹ́ tó fẹ́ràn tì nítorí irọ́ tí mo pa kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, pé bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀lẹ bá wà lára rẹ̀, èmi mọ odò tó ti ṣàn wá. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Ilé búrẹ́dì tí mo ti kọ́ṣẹ́, yàrá gígùn kan ni, fèrèsé rẹ̀ wà lókè, ìyẹ̀fun ti sọ gbogbo rẹ̀ di funfun. Tábìlì kan wà láàárín tí ọwọ́ àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ti jẹ ikùn rẹ̀ wọnú. Ààrò bíríkì wà lẹ́yìn pátápátá, ọ̀kánjúà ni, á jẹ igi títí kí inú rẹ̀ tó gbóná. Ọ̀gá wa ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò dáná, òun náà ni yóò po ìyẹ̀fun àkọ́kọ́, nínú àwọn tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ làwọn ti máa mú olórí tábìlì, ìyẹn ẹni tí yóò máa darí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Ìkejì ni pé ẹni tó bá dáná kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kó jáde. Wọ́n ní iná kì í dá gbélé.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, torí pé ó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn, òun ò sì fẹ́ jí i. Ìyá rẹ̀ ò lè dìde lórí ibùsùn. Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé lójoojúmọ́. Á dáná, á to igi sí i, á ti ilẹ̀kùn ààrò, á wá sáré padà lọ wẹ ìyá rẹ̀, á fún un lóúnjẹ. Nígbà tí yóò bá fi padà dé, ọ̀gá ti wọlé.

Èmi ńkọ́? Oorun fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì jẹ́ kó dá ìfẹ́ náà ṣe. Ìyá mi á pè mí, màá ní mo ti dìde. Wọ́n á tún pè mí, màá ní mò ń wẹ̀. Orí ẹní ni mo ti ń wẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú, mo dé síbi iṣẹ́, mi ò bá ẹnì kankan, mo lọ yáná lẹ́nu ààrò, eérú bá yí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn ọ̀gá. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo dáná? O káre, Ajídáná.” Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Ìyìn náà sì dùn, mo pa ẹnu mi dé. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ ara mi bu eérú, mo fi para, mo tún fi díẹ̀ sí iwájú orí. Ẹ wo ìkà tó ń ṣe ara rẹ̀ lóge.

Bí Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bá ti wọlé, ọ̀gá á bi í bóyá oòrùn ló ń dúró dè kó tó dìde. Kò lè fèsì, torí bó bá sọ pé òun lòun dáná, á jẹ́wọ́ pé òun fi iná sílẹ̀. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ìyẹn gan-an ni mo dúró sí. Lọ́jọ́ kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń bá òun bo àṣírí, pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, ìyá òun ò ní rí oúnjẹ jẹ. Mo ní kò tó nǹkan. Olè ni wọ́n ń kí pé ó ṣeun tó bá wọn ṣọ́lé.

Ó wá ku ibi tó burú jù. Ìgbà tí ọ̀gá fẹ́ yan olórí tábìlì, wọ́n pe gbogbo wa jọ. Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, omi tó fi wẹ ìyá rẹ̀ ò tíì gbẹ létí aṣọ rẹ̀. Ọ̀gá kọjú sí mi, wọ́n ní èmi tí mo máa ń ṣáájú gbogbo èèyàn dé, ta ni mo rí tó máa ń pẹ́. Mo lè ní mi ò mọ̀. Mo lè wolẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, “Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni, ọ̀gá. Mo sì ti bá a sọ ọ́ títí, kò gbọ́.” Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo bá a sọ ọ́. Ẹnu tèmi ló fi kún un, bí ìgbà tí èèyàn bá fún oníbàárà ní ènì. Wọ́n fi mí ṣe olórí tábìlì, wọ́n ní kí Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ lọ máa fọ páànù búrẹ́dì lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó bi mí léèrè, mo ní òun ni mo ń gbèjà, pé bí mo bá jiyàn, ọ̀gá á wádìí, á sì rí ọ̀rọ̀ iná. Ó wò mí lójú, ó ní ó dáa.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe mọ àwàdà ṣe. Ẹni tó ń fọ páànù kì í tètè wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rọra yan dé ní àkókò tèmi, ààrò tutù bí imú ajá. Ìyẹ̀fun tí a ti pò sílẹ̀ lálẹ́ àná ti wú, ó ti gbé aṣọ tí a fi bò ó dìde, ó ń yọjú bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé. Ìyẹ̀fun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá bá mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í padà sínú ọpọ́n. Mo ní igi ló tutù. Wọ́n mú igi kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, ó dún kà bí igi gbígbẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn á rí mi lọ́la.

Mo rò ó títí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí. Èmi Ajídáná. Ni mo bá gbé ojú mi tí kò mọ ìtìjú, mo lọ bá Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ nídìí páànù, mo ní kó kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ fọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní bí ààrò bá tutù, ebi á pa gbogbo wa, ìyá òun pàápàá. Ó ní, “Àárọ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń jí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń jí.” Ó ní kí n to igi wẹ́wẹ́ sẹ́nu ààrò kí n tó lọ sílé. Kí n dìde nídìí ìtàkúrọ̀sọ nígbà tó ṣì ń dùn, torí bó bá di kíkan, oorun ti lọ. Kí n má ṣe bá ara mi jiyàn lórí ẹní, kí n sáà ti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n má sì ro búrẹ́dì gbogbo ìlú, kí n ro igi wẹ́wẹ́ yẹn nìkan. Ó ní bí mo bá ṣubú lónìí, kí n má fi ilẹ̀ ṣe ibùsùn.

Mo ṣe é. Mo kùnà, mo tún ṣe é. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi ń dá lọ sílẹ̀. Mo wá rí i pé àyè kan wà láàárín ìgbà tí iná bá ràn àti ìgbà tí inú ààrò bá gbóná, mo sì ti fi oorun jẹ irú àyè bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àyè yẹn ni mo fi ń wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun, mo ń fi ìka kọ ọ́ sórí tábìlì, ẹyọ kan lónìí, ẹyọ kan lọ́la. Ìwé tí ẹ ń kà yìí, inú àpò ìyẹ̀fun ló ti jáde. Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ yín. Ẹni tí mo ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fi pa mọ́ fún yín.

Nígbà tí ìyá Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kú, ọ̀rẹ́ mi fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ṣe búrẹ́dì tirẹ̀ nílé. Ọ̀rẹ́ wa ò já. Àìmọye ìgbà ni mo gbéra pé màá jẹ́wọ́, bó bá sì ti gbé àga fún mi, tó ní ọ̀rẹ́ òun dé, ẹnu mi á kú.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ọmọ ọmọ mi ti dákẹ́ ẹkún. Ó bi mí bóyá Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ mọ̀. Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà.” Àyà mi já, torí nínú gbogbo ẹgbẹ́ mi, òun nìkan ló kù tó mọ̀ mí lọ́mọge. Bó bá lé mi, mi ò ní ẹlòmíì. A lọ. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ké ju ẹnu mi lọ, mo sọ ọ́ látorí eérú dórí “mo ti bá a sọ ọ́ títí.” Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ń gé èékánná rẹ̀. Ó gé e tán.

Ó ní, “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹni tó bá dáná, èéfín ló máa ń rùn. Ìwọ, ìpara lo ń ta sánsán.” Ọmọ ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìjókòó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ó ní ó dun òun, pé inú omi tí òun fi ń fọ páànù ni òun ń sunkún sí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ó wá ní, “Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Mi ò kàn wá sọ fún ẹ ni. Àbí èmi náà ni màá tún bá ẹ rin ọ̀nà ìjẹ́wọ́?” Ó na ọwọ́, ó fà mí dìde, àwa méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ ọmọ mi. Ó bi í, kí ló lè ṣe lọ́la tí kò ní ni ín lára. Ọmọ rò ó, ó ní òun lè to igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí òun tó lọ sílé. Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ní ìyẹn tó, kó fi ìyókù sílẹ̀ kó máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ló wá gbé iṣẹ́ tó wúwo lé lọ́wọ́. Ó ní gbogbo ẹni tí mo ti fi ẹ̀kọ́ òun kọ́ ni kí n wí fún pé òun ló ni ín.

Mo ti wí i. Ọmọ ọmọ mi ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ń tètè jí lọ́pọ̀ ọjọ́, ó ń sùn gbàgbé lọ́jọ́ mìíràn, kò sì tún pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ mọ́. Ẹ̀yin tí mo tàn jẹ, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré, ẹ má sì bu eérú iná tí ẹlòmíì dá para. Bí ẹnì kan bá ti ṣáájú yín ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.