Ìgbọràn Oníbátìrì

Kí òmìnira tó dé, mo wà lórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ní Agége nígbà tí mo gbọ́ tí bàbá kan ń bá obìnrin tó gbé àpótí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n oníbátìrì tó kú?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹrù rẹ̀ ni mò ń gbé lọ fún ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Èmi ni mo lọ bá a. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó fi ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò kì í jẹ́ ká gbọ́ wáàsí lèmọ́mù ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kó máa tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tá a bá ń kírun Jímọ̀. Mo rò pé yóò jókòó síta ni."

"Kò lè jókòó síta, Bàbá. Tí bátìrì bá ti ń hó, ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ."

"Kò bá mi jiyàn rárá. 'Ẹ má bínú, Bàbá,' ló sọ. Lọ́jọ́ náà, a kírun tán láìgbọ́ ariwo, mo sì ń dúpẹ́ pé ó gbọ́ràn. Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn, èéfín bò wá lójú. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, òun sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Láti kékeré ló ti máa ń gbọ́ràn. Bí ìyá wa ṣe kọ́ ọ nìyẹn."

Mi ò lè bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá, tí mo bá délé, ṣé kí n sọ fún ìyá wa pé ìgbọràn ló pa á?"